Ẹni Tó Rán Ṣòkòtò Jẹ́jẹ́

Bí ẹ bá rí télọ̀ tó ń rán ojú kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ má tètè sọ pé iṣẹ́ ló fẹ́ràn. Ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tó ń bà á lẹ́rù. Obìnrin kan wà tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn, débi pé àwọn oníbàárà ti gbàgbé orúkọ tí ìyá àti bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Màmá Kò-Níí-Tú ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ṣòkòtò tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, èèyàn lè wọ̀ ọ́ gun àkàbà, ó lè wọ̀ ọ́ fo gọ́tà, ó sì lè wọ̀ ọ́ jà bí ìjà bá dé. Awakọ̀ kan wọ tirẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án. Nígbà tó máa fi ní òun fẹ́ jù ú nù, aṣọ ti jẹ tán, ojú ìrán nìkan ló dúró digbí.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó gùn, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí títì. Tábìlì tó fi ń gé aṣọ gba ìdajì yàrá, máṣíìnì méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ọ̀kan tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, ọ̀kan tó ń lo iná. Lórí pẹpẹ tó yẹ kí òwú wà, tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n gbé síbẹ̀, tẹlifíṣọ̀n yìí ló sì kó èrò bá a. Ọkọ rẹ̀, apínlẹ́tà tó ti fẹ̀yìn tì, máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa bá a rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni Onírédíò, tí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún rédíò ṣe fara kan ti Màmá yìí. Nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn òdìkejì títì náà kì í gbẹ́yìn. Obìnrin yìí lè mú kaba kan wá fún àtúnṣe lẹ́ẹ̀mẹrin, kí ó ṣáà lè rí àwáwí jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

Ohun tí wọ́n ń wá wò ni Akọ̀wé Méjì. Fíìmù méje ni, ọ́fíìsì kan náà, ọ̀gá kan náà tí inú ń bí láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Akọ̀wé kan ń jẹ́ Wàdùwàdù, ẹni tó máa ń dáhùn kí wọ́n tó bi í. Èkejì ni Jẹ́jẹ́, tó jẹ́ pé bí iná bá ń jó ilé, á kọ́kọ́ kọ ìwé gba àyè kó tó sá jáde. Nínú fíìmù àkọ́kọ́, bírò bọ́ lọ́wọ́ Jẹ́jẹ́ níwájú ọ̀gá. Ó bẹ̀rẹ̀ pé kí òun mú un, ìdí ṣòkòtò rẹ̀ sì ya fàràgàdà, láti ẹ̀yìn dé iwájú. Ẹlòmíràn á ké. Jẹ́jẹ́ rọra nàró, ó wo ọ̀gá lójú, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹ fún mi láàyè kí n fi ẹ̀yìn rìn jáde." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn. Ó fi ẹ̀yìn da fáìlì nù, ó fi ẹ̀yìn gba tíì lọ́wọ́ ẹni tó gbé e bọ̀, ó fi ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó fi ẹ̀yìn dá títì kọjá láàrin ọkọ̀, ojú rẹ̀ kò kúrò lára fèrèsé ọ̀gá. Láti ọjọ́ yẹn, ọmọ tó bá fọ́ àwo nílé, ohun tó máa sọ nìyẹn. Ọkọ tó bá gbàgbé ohun tí ìyàwó rán an, ohun tóun náà máa sọ nìyẹn.

Gbogbo ìgbà tí àwọn oníròyìn bá bi Jẹ́jẹ́ léèrè, èsì kan náà ló ń fún wọn: òun ló gbèrò rẹ̀, òun ló sì fi réésà gé òwú náà lówùúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ya fíìmù. Nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ó ní òun fi ọ̀sẹ̀ kan ronú rẹ̀. Nígbà tó yá, ọ̀sẹ̀ kan di oṣù kan. Nígbà tó fi di àgbà tí wọ́n ń fún ní àmì ẹ̀yẹ, oṣù kan ti di oṣù mẹ́ta. Irọ́ náà ń dàgbà bó ṣe ń dàgbà.

Irọ́ ni. Màmá Kò-Níí-Tú mọ̀ pé irọ́ ni, nítorí òun ló rán ṣòkòtò náà. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ni nígbà náà, nínú ṣọ́ọ̀bù yìí kan náà tí ọ̀gá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n gbé aṣọ dé, wọ́n ń fẹ́ ẹ lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ mọ̀ pé télọ̀ tó mọṣẹ́ máa ń kọ́kọ́ fi ọwọ́ àti òwú funfun fà á pọ̀ ní ojú ìrán gígùn tí kò lágbára, kó lè mọ̀ bóyá ó bá ara mu, lẹ́yìn náà ni máṣíìnì á wá kọjá lórí rẹ̀. Ó fi òwú funfun fà á pọ̀. Ó wá gbé ojú sókè, ó bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lójú fèrèsé. Nígbà tó padà, ó lọ ṣòkòtò náà, ó ká a dáadáa, ó fi sínú àpò. Kò rántí máṣíìnì.

Wọ́n rán an tẹ̀ lé aṣọ náà lọ síbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù, kó dúró sí kọ̀rọ̀ kan pẹ̀lú abẹ́rẹ́. Ojú rẹ̀ ni ìdí ṣòkòtò ṣe ya. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, olùdarí eré bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè télọ̀ tó fẹ́ sọ òun di aláìníláárí, ó ní òun á rí i pé kò tún fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ mọ́. Jẹ́jẹ́, tí kò tíì lókìkí nígbà náà, wo kọ̀rọ̀ náà, ó rí ọmọbìnrin tó ń fi abẹ́rẹ́ pamọ́ sẹ́yìn ara rẹ̀, ó sì ní òun ni òun fi réésà gé e. Ọ̀rọ̀ parí. Láti ìgbà náà ni Màmá Kò-Níí-Tú ti ń rán ojú kan lẹ́ẹ̀mẹta. Láti ìgbà náà sì ni, bí wọ́n bá ti dé ibi ìdí ṣòkòtò lórí tẹlifíṣọ̀n tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń fi ẹ̀rín yí, á máa wá nǹkan lábẹ́ tábìlì. Ojú ń tì í, inú rẹ̀ sì ń dùn sí ọkùnrin náà, kò sì lè sọ ọ̀kan nínú méjèèjì fún ẹnikẹ́ni.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí Jẹ́jẹ́ kú, iléeṣẹ́ tó ń ṣe fíìmù náà kéde pé àwọn fẹ́ ṣe ẹ̀kẹjọ. Ọmọ Jẹ́jẹ́, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí, ni wọ́n fẹ́ dán wò fún ipò bàbá rẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn olólùfẹ́ kọ̀wé ránṣẹ́ títí di ọjọ́ Mọ́ńdè, kí wọ́n sọ bóyá kí iṣẹ́ tẹ̀síwájú tàbí kó dúró. Àwọn ará ṣọ́ọ̀bù ní àwọn á fi ohùn kan kọ lẹ́tà kan. Àṣìṣe wọn nìyẹn, torí ẹnu wọn ò kò rí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe lórí èyí ni yóò ti kò.

Onírédíò ní kí wọ́n tẹ̀síwájú. Ó ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn, ó sì ní nínú ọ̀rọ̀ fíìmù yìí gan-an, ọ̀rọ̀ ìdí ni. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n dá a dúró. Ó ní ọgbọ́n tó ronú oṣù mẹ́ta lórí ṣòkòtò kan, ọgbọ́n náà ti bá ẹni tó ni ín wọlẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ gbé e ṣe lẹ́yìn rẹ̀ kàn fẹ́ tú ara rẹ̀ síhòòhò ni. Onírédíò ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Nọ́ọ̀sì ní òun ti fi ewé wẹ̀ rí, kò hó. Ọkọ Màmá Kò-Níí-Tú ni wọ́n yàn láti kọ lẹ́tà náà, torí pé òun nìkan ni ìwé rẹ̀ ṣeé kà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ni bàbá yìí máa ń gbà pẹ̀lú rẹ̀. Lọ́jọ́ márùn-ún, ohun tó wà nínú lẹ́tà kò ju "A kí yín o" lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, nígbà tí wọ́n ti ń gbóná fún ara wọn, ọmọbìnrin kan yọ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ga, kò sì yára. Bó ṣe gbé ẹsẹ̀ lé ẹnu ọ̀nà, ó dúró, ó wo ilẹ̀, ó wá gbé ẹsẹ̀ kejì, gẹ́lẹ́ bíi Jẹ́jẹ́. Onírédíò ti dìde kó tó mọ̀ pé òun dìde. Ó ní kí àlejò gba àga òun, ó sì tún jókòó padà sórí àga náà.

Ọmọ náà kí gbogbo wọn, ó sì béèrè bóyá ibí ni ṣọ́ọ̀bù tí orúkọ rẹ̀ wà lára aṣọ kan. Ó yọ ṣòkòtò kan jáde nínú báàgì, dúdú tó ti ń pọ́n, tó ya nídìí. Ó ní ti bàbá òun ni. Iléeṣẹ́ fíìmù fẹ́ dán òun wò lọ́jọ́bọ̀, ohun tí wọ́n sì ní kí òun ṣe ni eré ṣòkòtò tó ya yẹn, wọ́n ní kí òun rán irú rẹ̀ gan-an wá. Nínú ibi ìbàdí rẹ̀ ni òun ti rí orúkọ ṣọ́ọ̀bù.

Nọ́ọ̀sì, tí kì í ṣe ẹni burúkú, rọra bi í bóyá ó rò pé òun lè ṣe é.

"Rárá o, mà," ọmọ náà dáhùn. "Bàbá mi fi oṣù mẹ́ta ronú kan ọ̀rọ̀ yẹn. Bí mo bá fìdí rẹmi nínú nǹkan, ohun tí wọ́n máa ń sọ fún mi ni pé, lọ ronú fún oṣù mẹ́ta. Mo ti ronú fún oṣù márùn-ún báyìí. Kò sí nǹkan kan tó wá. Màá gbé ṣòkòtò tí ẹ bá rán fún wọn, màá sì ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn."

Nọ́ọ̀sì ti borí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò jọ ojú ẹni tó borí. Onírédíò ń wo àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀. Apínlẹ́tà ní tirẹ̀ fa ìwé mọ́ra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ pé àwọn ti jíròrò, àwọn sì rí i pé kí wọ́n dá a dúró.

Màmá Kò-Níí-Tú ti yí inú ṣòkòtò náà síta. Òwú funfun ṣì wà níbẹ̀, ó já ní ibi mẹ́rin, ojú ìrán rẹ̀ gùn bí òun, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún nígbà náà, ṣe fà á. Ó mọ ọwọ́ ara rẹ̀. Bí òun bá sọ̀rọ̀, òkú tó ṣe òun lóore á di òpùrọ́ lójú ọmọ rẹ̀, òun náà tí wọ́n ń pè ní Kò-Níí-Tú yóò sì di yẹ̀yẹ́ láàrin àwọn oníbàárà. Bí òun bá dákẹ́, ọmọ yìí á jáde lẹ́nu ọ̀nà yẹn, yóò máa rò títí ayé pé òun kò lórí. Inú bí i sí ara rẹ̀ pé òun tún ń ṣe ìṣirò. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Kò sí ẹni tó sọ pé ọjọ́ náà á bá èèyàn pẹ̀lú téèpù lọ́rùn.

"Bàbá ẹ ò ronú kankan," ló wí.

Ó sọ ọ́ tán pátá, ọjọ́ Jímọ̀, òwú funfun, máṣíìnì tí kò kọjá, kọ̀rọ̀ tí òun dúró sí, àti réésà tí kò sí níbì kankan. Ó sọ̀rọ̀ láìdánu dúró, ó sì ń retí kí ilẹ̀ lanu.

Ilẹ̀ kò lanu. Ńṣe ni Nọ́ọ̀sì dìde, ó fọwọ́ bà á léjìká, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní àánú ọmọ ọlọ́mọ ló ṣe é, ìyá rere ni. Onírédíò ní kí wọ́n sọ fún òun pé ẹja ò mọ̀wẹ̀, òun á gbà, ṣùgbọ́n kí Màmá Kò-Níí-Tú gbàgbé ojú ìrán kan, irọ́ yẹn ti tóbi jù. Obìnrin tó ti fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n pa ẹnu mọ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀wọ́ gbà pé òun bàṣẹ́ jẹ́. Ó fi òwú funfun hàn wọ́n. Nọ́ọ̀sì ní òwú funfun pọ̀ láyé. Màmá ní òun fi ẹ̀mí òun búra. Onírédíò ní kó má fi ẹ̀mí rẹ̀ ṣeré nítorí fíìmù. Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó kọjú sí ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá, ẹ sọ fún wọn. Ẹ̀yin lẹ wà lójú fèrèsé."

Bàbá ń wo àjà. Ó nídìí tó fi ń wo àjà. Ohun tí ó ti sọ fún gbogbo àdúgbò láti ọgbọ̀n ọdún ni pé ìyàwó òun ló kọ́kọ́ fẹ́ràn òun, pé òun kàn ń pín lẹ́tà kiri ni, obìnrin náà kò jẹ́ kí òun gbádùn. Ó tún wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ọmọ náà, ó bọ́ awò ojú rẹ̀ kúrò kó má baà rí àwọn tó ń gbọ́ ọ.

Ó ní òótọ́ ni. Ó ní òun gbé ṣòkòtò iṣẹ́ òun wá pé kí wọ́n bá òun gé e kúrú díẹ̀, kí òun lè rí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ yìí bá sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kejì, òun kò rí àwáwí mìíràn, òun bá ní kí wọ́n tún gé e díẹ̀ sí i. Ọjọ́ méjìlá ni òun fi ń bọ̀. Nígbà tó fi di ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, ṣòkòtò náà ti dé orúnkún, ọ̀gá òun nílé lẹ́tà sì ti bi òun bóyá òun ti padà sílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Òun dúró lójú fèrèsé náà títí ìyá yẹn fi gbàgbé ohun tó ń ṣe, torí pé ọjọ́ náà ni òun rí ìgboyà bèèrè ohun tí òun wá bèèrè láti ọjọ́ kìíní.

Èyí ni wọ́n gbà gbọ́. Kò sí ọkùnrin tó máa hùmọ̀ irú rẹ̀ mọ́ ara rẹ̀. Onírédíò rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tó ṣe tán, ó fa ojú ìrán apá kaba rẹ̀ wò, wẹ́rẹ́ báyìí, bíi pé kò sẹ́ni tó rí i. Màmá Kò-Níí-Tú rí i. Ó dùn ún, ó sì gbà á bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá di iṣu ata yán-an-yàn-an. Nọ́ọ̀sì ní tó bá jẹ́ pé kì í ṣe ọgbọ́n, pé ó kàn ṣẹlẹ̀ ni, a jẹ́ pé ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni, kí wọ́n yáa tẹ̀síwájú. Onírédíò ní ibi tí Nọ́ọ̀sì ti ṣì í gan-an nìyẹn, pé ohun tó ṣèèṣì kì í ṣeé ṣètò, kí wọ́n yáa dá a dúró. Àwọn méjèèjì ti pààrọ̀ ipò, kò sì sí èyí tó kíyè sí i nínú wọn. Apínlẹ́tà gbà pẹ̀lú Nọ́ọ̀sì, ó gbà pẹ̀lú Onírédíò, ó ya ìwé náà, ó mú òmíràn, ó kọ "A kí yín o." Láàrin ariwo náà, Onírédíò rántí bi télọ̀ bóyá òwú funfun náà ló máa fi rán ti ọmọ yìí. Ó ní rárá. Ó ní òun kò fi ọgbọ́n ṣe é nígbà àkọ́kọ́, òun kò ní í fi ọgbọ́n ṣe é nísinsìnyí. Òun máa rán an kó le, ohun tó bá wá ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó wọ̀ ọ́, ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ télọ̀.

Ọmọ náà kò dá sí gbogbo rẹ̀. Ó di ṣòkòtò bàbá rẹ̀ mú, ó sún mọ́ tábìlì, ó sì fi ohùn kékeré bèèrè ọ̀rọ̀.

"Mà, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ yẹn, pé kí ọ̀gá jẹ́ kí àwọn fi ẹ̀yìn rìn jáde. Ta ló kọ ọ́ fún wọn?"

"Kò sẹ́ni tó kọ ọ́. Ẹ̀bẹ̀ gidi ni. Bàbá ẹ fẹ́ lọ sílé ni."

"Ṣé ẹ̀rù bà wọ́n?"

"Ó bà wọ́n. Ibi tí mo dúró sí, mo ń rí òógùn tó ń ti ọrùn wọn sàn wọnú kọ́là. Wọn ò mọ ohun tó kàn."

Ọmọ náà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu iwájú orí, ó sì wo ọwọ́ náà.

"Èmi náà ń làágùn, mà. Láti ìgbà tí mo ti wọlé."

Màmá Kò-Níí-Tú bọ́ téèpù kúrò lọ́rùn.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ló wí. "Na ọwọ́ sókè, jẹ́ kí n wọn ìbàdí ẹ."